Ohùn Àlàájà Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá yà sí Ìkòsí Road ní Ketu, ẹ máa rí pátákó kan kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù tó ni ín. Pátákó náà fẹ̀ tó ṣọ́ọ̀bù lọ́nà mẹ́ta. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ rẹ̀ ni ìdajì àdúgbò ń sá sí. MUTOLIB KỌ̀ǸPÚTÀ ÀGBÁYÉ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kò gbà ju Mutolib, tábìlì kan, àti àga méjì tí oníbàárà ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó lé.

Kọ̀ǹpútà tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, fídíò tó ń mi ẹnu láìsí ohùn, fíìmù tí àwòrán rẹ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, Mutolib ni wọ́n ń gbé wọn wá bá láti Alápẹ̀rẹ̀ títí dé Gbàgádà. Ká sọ òótọ́, nínú mẹ́wàá, mẹ́fà ló jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ohùn. Mutolib á mí kanlẹ̀, á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí le o, ẹ padà wá lọ́la." Bí oníbàárà bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, á tún bọ́tìnnì yẹn tẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Àṣà méjì ló ní. Àkọ́kọ́, kì í ka ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ. Bí àpótí ìbéèrè kan bá yọ lójú ẹ̀rọ, OK ló ń tẹ̀, OK, OK, bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ó ní àwọn tó ń kà á ni kò tíì mọṣẹ́. Èkejì, fídíò yòówù tó bá bá èèyàn dín kù kó lè wọ fóònù, ó gbọ́dọ̀ lẹ ìkéde ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ìsìnkú o, ìkómọ o, ìwàásù o, Mutolib á ké níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Nusirat tó ń ta ata ní Mile 12 wọlé, ó gbé laptop sí abíyá kan, ó fi ọwọ́ kejì di ìyá rẹ̀ mú. Àlàájà Rùkáyátù nìyá yẹn. Nígbà tó ṣì ń tajà, bó bá ké "Ata rodo rèé o!" ní Mile 12, àwọn ará Alápẹ̀rẹ̀ á dáhùn pé àwọn ti rà. Àmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ti lù ú lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló ń gbé, ọ̀rọ̀ kan kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Mutolib, má bá mi sọ ti padà wá lọ́la o," ni Nusirat wí. "Fídíò wòlímọ̀ Labeebah ọmọ mi wà nínú laptop yìí. Mọ́mì gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n dárúkọ gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn na ẹsẹ̀ ní bí wọ́n bá ń gbọ́ ohùn ara wọn lójoojúmọ́, bóyá ahọ́n wọn á rántí. Laptop ló wá yadi."

"Aunty Nusi, ṣé èyí tí mo bá yín dín kù lọ́jọ́sí ni?"

"Òun náà ni. Wọ́n jí fóònù yẹn kí n tó wò ó rárá, èyí tó o fi sínú laptop nìkan ló kù. Nígbà tí Mọ́mì ṣì ń sọ̀rọ̀, ta ló ń wo fídíò ẹni tó ń pariwo lé e lórí láràárọ̀?"

Mutolib rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ ò ní kúrò níbí láìgbọ́ ohùn yín. Bí mi ò bá rí i ṣe, kí wọ́n fi pátákó mi ṣe ilẹ̀kùn ṣáláńgá."

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe bọ́tìnnì. Àmì pupa kan ló dábùú àwòrán sípíkà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Driver, ìyẹn ètò tó ń gbé ohùn jáde, ló ti bàjẹ́. Mutolib yọ ọ́ dànù, ó fi tuntun sí i, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní sùúrù títí irùngbọ̀n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hù ní àgbọ̀n Nusirat. Nígbà tó yá, àmì pupa pòórá, ẹ̀rọ sì dún: tin-ín!

"Alhamdulilahi!" Nusirat fò sókè. Àlàájà gbé orí.

Mutolib ṣí fídíò náà. Àlàájà yọ nínú híjáàbù funfun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó la ẹnu. Ohùn jáde ní tòótọ́.

"Mutolib Kọ̀ǹpútà Àgbáyé! Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá yadi, má sunkún mọ́, àwa la ń bá a sọ̀rọ̀!"

Wọ́n dúró kó parí. Ó parí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Mutolib fà á dé àárín, ó fà á dé ìparí: ìkéde yẹn náà ni, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta gbáko. Nígbà náà ló rántí. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dín fídíò náà kù, ó ń sáré lọ kírun. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí ohùn tuntun dà pọ̀ mọ́ ti àtijọ́ ni, àbí kó gba ipò rẹ̀. OK ló tẹ̀.

"Aunty, síídì tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ńkọ́?"

"Ìwọ kọ́ lo ní kí n jù ú nù, pé ayé ti kúrò ní síídì? Mo so ó kọ́ sídìí ata kó máa lé eṣinṣin. Oòrùn ti bó o bí àlùbọ́sà."

"Oníkámẹ́rà?"

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Iseri Olowora. Ó ti pa á rẹ́."

Mutolib da fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó fi irinṣẹ́ márùn-ún tú u palẹ̀. Ohùn Àlàájà kò sá pamọ́ síbì kankan. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àlàájà na ọwọ́ òsì, ó fi ìka kan ẹnu ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó wo Mutolib, ó la ẹnu. Èémí lásán ló jáde. Nínú laptop, Mutolib ń ké.

"Pa á," ni Nusirat wí.

Mutolib tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ohùn.

"Aunty, ẹ forí jì mí. Pátákó yẹn..."

"Fi í síbẹ̀. Ta ló fẹ́ ilẹ̀kùn ṣáláńgá tó ń pariwo?" Ó pa laptop dé, ó di ìyá rẹ̀ mú, wọ́n sì lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ Àlàájà ṣe gbà.

Mutolib ṣí èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó pa ohùn rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹnu Àlàájà bó ṣe ń ṣí tó ń padé. Ó dá a lójú pé orúkọ ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Orúkọ ta ni, kò mọ̀. Ó dá fídíò padà sẹ́yìn, ó tún un wò, kò mọ̀ síbẹ̀.

Àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń bi í ní ìbéèrè kan. Mutolib tẹ OK.