Ọjọ́ tí Wọ́n Sọ Orin Òkú Wa Di Ogun

Mo rántí ìgbà tí wọ́n sọ mí di ọ̀gágun láàárín ọjọ́ kan, èmi tí n kò di ìbọn mú rí. Ọ̀kadà ni mò ń gùn nígbà náà ní Mafoluku, kí ìjọba tó lé wa kúrò lójú títì. Jákẹ́ẹ̀tì onírun ni mò ń wọ̀ nínú oòrùn nítorí atẹ́gùn tó ń gbá wa láyà, màá fi awò dúdú sójú, mo sì rò pé kò sí ọmọkùnrin tó rẹwà tó mi láti ibẹ̀ dé Ìsọlọ̀.

Ìyá alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà wa ló kú, arúgbó tó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tiwa, gbogbo wa so ewé tútù mọ́ iwájú ọ̀kadà, à ń tẹ họ́ọ̀nù, à ń kọrin, a sì sìn wọ́n dé ilé ìkẹyìn. Èmi ni mo ṣíwájú, tí mo lanu gbàgà. Akọ̀ròyìn kan ń kọjá nínú ọkọ̀ olóyẹ́. Ó ya fọ́tò wa láti ojú fèrèsé, kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì béèrè ẹni tó kú. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn ọlọ́kadà ti so ewé ayẹta mọ́ ọ̀kadà, olórí wọn sì ń bú ramúramù pé ogun yá. Fọ́tò mi gàdàgbà ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kí mi ní "Jẹ́nẹ́rà!" Ká má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn.

Àfi ìgbà tí bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n ń ta aṣọ ní Aswani. Wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ fún wa, ẹ̀rù sì bà mí pé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wọn l'Éjìgbò. Ìwé ìròyìn náà wà lórí tábìlì.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, sà. Orin òkú là ń kọ, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ó dáa. Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, kò sì gbọ́ orin mi rí. Kí ni mo lè ṣe? Mo kọrin, ohùn mi ń ké bí ewúrẹ́ tó ń wá ọmọ. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì. Bàbá nawọ́ sókè.

"Ó tó, ó tó! Mo ti gbà. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé ohùn yìí lọ sójú ogun."

Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá wá ṣí ojú ìwé kejì, wọ́n fi fọ́tò àwọn alábàárù Ọ̀ṣọ́dì hàn mí, tí wọ́n nawọ́ sókè, tí wọ́n fajú ro.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Háà, àwọn yẹn? Jàǹdùkú ni wọ́n, sà. Ìjà ni wọ́n ń jà yẹn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Bàbá pa ìwé náà dé, wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi.

Wọ́n fún mi níyàwó náà, ó sì ti di ìyá àwọn ọmọ mi báyìí. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tán lára mi. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀kan nínú àwọn alábàárù yẹn bá mi gbẹ́rù l'Ọ́ṣọ́dì. Ojú rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, ni mo bá bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò wọn.

Ó ní àfáà ló wá ṣàdúrà fún ọ̀kan nínú wọn tí ara rẹ̀ ò yá, pé àmín ni àwọn ń ṣe.