Ìyá Fáìlì, Ìyàwó Ilé Wa

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Fáìlì. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀yẹ rárá, èébú ni mo fi ṣe. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù wọ ilé wa, páálí mẹ́ta ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì sáré bá a gbé ọ̀kan, torí mo rò pé abọ́ àti aṣọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ìwé ni! Rìsíìtì iná mànàmáná ọdún mẹ́sàn-án, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, lẹ́tà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, gbogbo rẹ̀ ló ti lu níhò, tó sì tò sínú fáìlì aláwọ̀ búlúù. Ọ́fíìsì lọ́yà kan ló ti ń tẹ̀wé kó tó wọlé wa. Mo pariwo pé, "Ìyá Fáìlì, káàbọ̀ o!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní. Ohun àkọ́kọ́ tó bí mi nínú nípa rẹ̀ nìyẹn: mo bú u, ó fi ṣe orúkọ.

Èmi ní tèmi, aránṣọ ni mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wa. Maṣíìnì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí ẹ bá yí aṣọ tí mo rán sódì, ẹ ò ní mọ èwo ni inú, èwo ni ìta. Ìyàwó wa ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo kọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà. Kọ́là tó bá rán á ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọrùn ẹni tó sùn sórí ìrọ̀rí líle. Apá ọ̀tún á gùn ju ti òsì lọ. Èmi á máa sọ fún un pé, "Ṣe sùúrù, á yé ẹ." Mo mọ̀ pé kò ní yé e. Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn sí i.

Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé, apá mi kò ká a. Ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, á ra ìwé ìròyìn, á gbé rúlà lé e, á máa ka ìpolówó iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ìlà dé ìlà. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi nídìí maṣíìnì.

"Ìyálé mi, ẹ wo èyí. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ń wá ẹni tó máa rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká jọ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa ránṣọ, èmi màá máa kọ̀wé."

"Ìwọ náà gbà wọ́n gbọ́?" mo ní. "Wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa gbé e fún. Wọ́n kàn ń fi ìwé da èèyàn láàmú ni."

"Òfin wà níbẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe máa yan ẹni tó máa ṣe é, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Máa lọ ka òfin. Èmi ní aṣọ láti rán."

Ó lọ lóòótọ́. Ó forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí owó orí, ó lọ búra ní kóòtù pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan nínú ilé iṣẹ́ òun. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n dá ìwé rẹ̀ nù torí pé ojú ìwé kan ṣoṣo kò ní òǹtẹ̀. Mo kí i ní pẹ̀lẹ́, mo wá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Lọ́dún kejì, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti kọjá tí wọ́n ti àpótí tí wọ́n ń ju ìwé sí pa kó tó débẹ̀. Mo tún bá a kẹ́dùn, mo tún wọ yàrá lọ. Lọ́dún kẹta, ó gba iṣẹ́ náà.

Irinwó aṣọ nọ́ọ̀sì. Ta ló rán an? Èmi ni! Òun ló wá bẹ̀ mí, kò sì jẹ mí ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí a kó aṣọ lọ, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà gbé ọ̀kan sókè, ó fọwọ́ pa ojú ibi tí mo ti rán an, ó ní, "Iṣẹ́ rèé!" Ó wá bọ ìyàwó wa lọ́wọ́, wọ́n sì ya fọ́tò. Èmi wà lẹ́yìn níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, wọ́n rò pé mo wà lára àwọn tó ń já ẹrù. Ọjọ́ yẹn ni ìlara wọ inú mi, kò sì jáde mọ́.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí, àfi bó bá ti ṣe yín rí. Ẹ̀rọ kékeré tó fi ń lu ìwé níhò, bó bá ti dún láti yàrá rẹ̀, àyà mi á já. Bó bá ra bàtà, èmi ni màá kọ́kọ́ rí i. Bí àwọn aládùúgbò bá ní "ẹ kú iṣẹ́ ìjọba o" bó ti ń kọjá, ẹsẹ̀ mi á tẹ maṣíìnì títí abẹ́rẹ́ á fi ṣẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé kò gbéra ga. Ó ṣì ń kí mi láràárọ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyálé mi," ó ṣì ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi. Ká ní ó fojú di mí ni, ǹ bá ti bá a jà, ara mi ì bá sì balẹ̀. Ọkọ mi wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "O ti rù. Ìlara ń mú ẹ ju ibà lọ." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí ìpolówó mìíràn jáde, aṣọ nọ́ọ̀sì àti ti aláìsàn fún ilé ìwòsàn mẹ́ta, mo pinnu pé èmi náà á dá gbé tèmi wọlé. Mo fẹ́ kí ọ̀gá kan bọ èmi náà lọ́wọ́, kó mọ̀ pé èmi ni mo rán an. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé nígbà náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sáré kiri, ìforúkọsílẹ̀ lónìí, owó orí lọ́la, ìbúra lọ́tùn-ún-la, mo tò lórí ìlà títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Mo wá gba fọ́ọ̀mù. Ọgọ́ta ojú ìwé! Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ọ̀nà tí mo máa gbà ṣe iṣẹ́ náà, bí mo ṣe máa yẹ aṣọ wò, ohun tí mo máa ṣe bí aṣọ tí mo rà kò bá tètè dé. Ọwọ́ mi mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, ìlà méjì péré ni mo kọ, mo tún fagi lé ọ̀kan nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ìyàwó wa lọ gba lẹ́tà ní báǹkì, ó sì fi fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀. Mo wo fáìlì, mo wo ilẹ̀kùn. Mo fi aṣọ tí mo ń rán bò ó, mo gbé e sọdá títì lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tòkọ́pì, mo ní kó ya gbogbo rẹ̀. Kí ìyàwó wa tó dé, fáìlì ti padà síbi tó wà, igun rẹ̀ gan-an sì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Èmi ti wà nídìí maṣíìnì, mò ń kọrin.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ. Ibi tó bá ti kọ "ilé iṣẹ́ wa," èmi náà á kọ "ilé iṣẹ́ wa." Ibi tó bá fàlà sí lábẹ́, èmi náà á fàlà sí i. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n, mo rí i tó kọ ọ́ gàdàgbà lókè pé ÀWỌN TÓ MÁA DARÍ IṢẸ́ NÁÀ. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ibí ló ti máa pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì, ẹni tí kò lè rán kọ́là! Ojú mi ò ní lè gbà á. Mo ṣí i kọjá láìkà á, mo kọ orúkọ tèmi sínú tèmi, mo sì lẹ àpòòwé pa.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣí àwọn àpòòwé wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fáànù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ló ń yí. Òfin ni pé gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣí i, lójú gbogbo ẹni tó fi ìwé sílẹ̀. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí ìyàwó wa. Mo rò pé ojú rẹ̀ máa le. Ṣe ló dìde.

"Ìyálé mi! Ẹ̀yin náà wá? Ta ló sọ fún yín pé òní ni?" Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga kí n lè jókòó tì í. Ó rò pé mo wá dúró ti òun ni. Mo jókòó.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣí àpòòwé jẹ́ ọkùnrin kan tí awò ojú rẹ̀ kì í dúró lójú kan, á máa yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Ó ń ka orúkọ ilé iṣẹ́, ó ń ka orúkọ àwọn tó máa darí iṣẹ́. Ó ṣí ìkẹrin, ti ìyàwó wa. Ó ka orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ka orúkọ mi.

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Nígbà tó dé orí ìkeje, tó jẹ́ tèmi, ó ka orúkọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. Ó fa ìkẹrin jáde padà, ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ta ni obìnrin yìí?" ó ní.

Mo dìde. Ìyàwó wa yíjú wò mí.

"Màdáámù, ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́ keje yìí. Nínú ìkẹrin, ẹ̀yin náà ni olórí àwọn aránṣọ, wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹ̀yin àti ẹni tó ni ín lẹ jọ máa pín èrè ní ìdajì-ìdajì. Òfin ò gbà kí ẹnì kan wà nínú ìwé méjì fún iṣẹ́ kan náà." Ó ṣí ojú ìwé díẹ̀ sí i. "Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ tún bára mu délẹ̀. A máa dá méjèèjì nù. Tá ò bá sì gbọ́ àlàyé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, a máa gbà pé ẹ jọ gbìmọ̀ ẹ̀ ni, ẹ̀yin méjèèjì ò sì ní bá ìjọba ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n rí ojú ìwé yẹn. Orúkọ mi ló wà lókè, kí tìyàwó wa tó tẹ̀ lé e. Ó kọ ọ́ pé ọdún méjìlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, pé èmi ni mo rán irinwó aṣọ tí wọ́n yìn, pé iṣẹ́ tòun kò ju ìwé lọ, àti pé bí mi ò bá sí níbẹ̀, òun ò ní dá a dábàá. Ọkọ mi kò yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìfọwọ́sí mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tó gbé e wá: mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mi ò sì fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ kà á o, ìyálé mi." Mo ní, "Gbé e wá jàre, mo níṣẹ́ lọ́wọ́." Mo fọwọ́ sí i, mo jù ú padà sí i.

A jọ wọ ọkọ̀ padà sílé. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó dúró létí títì.

"Ìyálé mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

Irọ́ mẹ́ta tó dáa wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. "Mò ń jowú ẹ ni," mo ní. "Látọjọ́ tí ọ̀gá yẹn ti bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́."

Ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ dá ṣe, ǹ bá yọ orúkọ yín, ǹ bá sì bá yín kọ tiyín." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mi ò rí ìbínú rẹ̀ rí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ òfin yìí, ìyálé mi. Ọdún mẹ́ta." Ó kọjá síwájú, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo jowú ìbínú yẹn pàápàá, torí pé ó tọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà pé èmi ni mo gbé fáìlì rẹ̀ láìsọ fún un, pé mo dà á kọ, pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo mọ ohun tó máa fà bá mi. Mo gbé e fún ìyàwó wa. Ó kà á tán, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì mú bírò.

"Ẹ ò kọ déètì," ó ní. "Nọ́ńbà ìpolówó gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ sì máa lọ búra sí i ní kóòtù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní gbà á." Bó ṣe ń bínú sí mi tó, ó bá mi tún lẹ́tà ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe, ó sì lu ẹ̀dà rẹ̀ níhò, ó tọ́jú u.

Wọ́n dá a láre. Èmi ni wọ́n ní kí n má bá ìjọba ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ì báà jẹ́ lórúkọ tèmi, ì báà jẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn mẹ́ta yẹn bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí.

Ìpolówó tuntun jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lánàá, ìyàwó wa mú obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, aránṣọ láti òdìkejì ìlú. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọwọ́ ẹ̀. Ojú yín nìkan ni mo gbà gbọ́." Mo gé aṣọ fún obìnrin náà, mo ní kó rán kọ́là. Mo dúró tì í, mò ń bẹ Ọlọ́run kó bà á jẹ́. Kò bà á jẹ́. Mo wò ó níwájú, mo wò ó lẹ́yìn, mo wá àléébù rẹ̀ títí, mi ò rí. Bí mo bá ní kò dáa, ìyàwó wa á gbà mí gbọ́.

"Ó mọ̀ ọ́n rán," mo ní. Ẹnu mi korò bí mo ṣe sọ ọ́.

Ìyàwó wa yọ ojú ìwé àwọn tó máa darí iṣẹ́, ó na bírò sí i. Obìnrin náà ò gba bírò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á." Ó fa àga sún mọ́ fèrèsé, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ẹ̀rín sì ń yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó sídìí maṣíìnì mi, mò ń wo ètè rẹ̀ tó ń mì láti ìlà dé ìlà, mo sì jowú rẹ̀ débi pé mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mi mọ́.