Ìyá Ìjọ Wa àti Abọ́ Ẹ̀kọ

Ìyá ìjọ wa nílùú Ẹdẹ, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, wọn a kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo jẹ lánàá?"

Nígbà tí ìjọba ológun dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó kọjú sógiri, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Àwọn alàgbà ìjọ wá sílé wa, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á, kó gbààwẹ̀.

Ìyá ìjọ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wọlé. "Ẹ̀yin alàgbà, ààwẹ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Èlíjà náà ní kóun kú. Oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé fún un."

Ìyá ìjọ jókòó ti ọkọ mi. Ó jẹ ẹ̀kọ kan, ó jẹ ìkejì, ó wá ní, "Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí pé ebi á pa àwọn ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ fún èmi ìyàwó ẹ̀ nìyẹn. Ìyá ìjọ tiwa ló gbọ́ ọ.