Rédíò Tí Kò Gbọ́ Ìbàdàn

Oyún àkọ́bí mi ti pé oṣù méje nígbà tí àìsàn dá ìyá mi gúnlẹ̀ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Ìbàdàn, wá gbé e lọ sí ọsibítù níbẹ̀. Ọkọ̀ wọn dúró níwájú ilé ọkọ mi ní Ìlobù kí a lè rí ara wa. Mo ní mò ń bá wọn lọ. Wọ́n ní agbẹ̀bí ti sọ pé n kò gbọdọ̀ gun ọkọ̀ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyá mi na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó di ọwọ́ mi mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀. "Rédíò ṣáà wà nílé yín. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, màá ní kí wọ́n kéde rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ìwọ ṣáà máa tẹ́tí sí i ní ìrọ̀lẹ́."

Rédíò wà nílé wa lóòótọ́. Bàbá ọkọ mi ló ni ín, ó sì ń kẹ́ ẹ ju àwa ìyàwó ilé lọ. Aṣọ funfun ló fi ń bò ó lórí tábìlì ní pálọ̀. Tí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, Bàbá á ṣí aṣọ náà kúrò, á yí bọ́tìnì, àwọn ọkùnrin á jókòó sórí àga, àwa obìnrin á tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà. Ará Ìbàdàn á wá máa ka ìkéde: ẹni tó kú, ẹni tó sọnù, ẹni tí wọ́n ń retí nílé.

Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò gbọ́ orúkọ ìyá mi, mo sì ń rí oorun sùn. Nígbà tó yá, Bàbá ní rédíò náà ti ń hó jù, ó dì í sínú aṣọ, ó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe ní Òṣogbo. Bó ṣe gbé e dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. A ń gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù. A ń gbọ́ Àkúrá nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn Lárúbáwá ń ka Kùránì fún wa bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ìkòkò omi wa. Ìbàdàn tó wà nítòsí, tí ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, kò fọhùn. Tí a bá yí i débẹ̀, shì-ì-ì nìkan ni à ń gbọ́, bí epo tó ń gbóná nínú agbada.

Mo mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n lè máa pe orúkọ ìyá mi fún gbogbo ayé, kí èmi ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ kí n máa gbọ́ òyìnbó.

A kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru bátìrì. Èmi fúnra mi ló gbé e sá sóòrùn, tòun ti ikùn mi, bó ṣe wúwo tó. Kò yí padà. Àwọn aládùúgbò ní páànù tuntun tí ará ilé kejì fi kanlé ló ń dí ohùn lọ́nà. Ẹlòmíràn ní ọyẹ́ ni. Wáyà kan wà lára rédíò náà tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀, nítorí wọ́n ní ilẹ̀ tútù ló fẹ́. Mò ń da omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tó ń bomi rin ẹ̀fọ́. Bí mo ti ń da omi ni mò ń sunkún. N kò tijú.

Ọkọ mi ló wá ní wáyà òkè ló kúrú. Ó gun òrùlé, ó so okùn wáyà mọ́ ọ̀pá, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi ni mo dúró ti rédíò. Ọjọ́ náà ni Bàbá kọ́kọ́ gbà kí obìnrin fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu.

"Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" ọkọ mi á kígbe láti òkè.

"Kò tíì sọ̀rọ̀ o!"

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ tún un yí díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kejì. Aṣọ rẹ̀ ya, òógùn bò ó. Mo gbàdúrà fún un. Mo ní Ọlọ́run ló fún mi lọ́kọ.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ béèrè ní Ìfọ́n. Láti ẹ̀yìn ilé wa, mò ń rí èéfín ọbẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ti gbóná láàárín ìlú méjèèjì ní àkókò náà, ará ibí kì í lọ, ará ọ̀hún kì í wá, wọn kò sì jẹ́ kí n jìnnà sílé. Mo ní kí wọ́n bá mi rán ènìyàn sí Ìbàdàn. Bàbá ní, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀, ọ̀nà á là." Gbogbo ilé ń ṣe mí jẹ́jẹ́. Ẹran tó tóbi jù bọ́ sínú àwo mi. Mo rò pé nítorí oyún ni.

Ayé sú mi. Tí wọ́n bá ti bo rédíò, màá dùbúlẹ̀, màá kọjú sí ògiri, ọmọ inú mi á máa ta mí nípàá, n kò sì láyọ̀ kan láti fún un.

Obìnrin ni mo bí. Agbẹ̀bí gbé e jáde lọ han Bàbá ní ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí Bàbá kí ọmọ náà káàbọ̀, tó sì pè é ní orúkọ kan, orúkọ tí a kì í dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ká tó pè é. Ọmọbìnrin tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kú nìkan ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí, alààyè. Mo wò ó. Ó gbé ojú sílẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe gbọ́. Bàbá ti gbọ́ ìkéde náà ní ìrọ̀lẹ́ tí mo pẹ́ lódò. Wọ́n ti sin ìyá mi sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tó kú. Nítorí a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún aboyún, òun ló ní kí ará Òṣogbo já wáyà tó ń mú Ìbàdàn wá, kí wọ́n má baà tún un kà sí mi létí.

N kò bínú sí Bàbá. Ohun tí àgbà ń ṣe ló ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi wọlé wá gbé ọmọ rẹ̀, mo bi í léèrè.

"Ṣé ẹ ti mọ̀, nígbà tí ẹ wà lórí òrùlé?"

Ó tún aṣọ ọmọ náà dì.

"Mo mọ̀," ó ní.