Ọkọ̀ Tí A Fi Eérú Yà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọgbà Ọ̀gá Sámúẹ̀lì ní Agége, mo bá ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ilẹ̀ gbalasa. Kò sí tábìlì níwájú wọn, kò sí oúnjẹ, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà níwájú na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni di nǹkan mú. Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé Aládùúrà ni ọ̀gá, mo bá rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ọmọ Mùsùlùmí láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé. Mo bọ́ bàtà, mo dúró jẹ́ẹ́. Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn mi pé, "Ìwọ, kúrò lójú ẹ́ńjìnì." Ìgbà tí mo wolẹ̀ ni mo rí i pé wọ́n ti fi eérú fa ìlà yí wọn ká. Inú lọ́rì ni wọ́n wà.

Bọ́dì lọ́rì la máa ń kàn. Láyé ìgbà náà, ìhòòhò ni lọ́rì máa ń ti Àpápá dé: ẹ́ńjìnì, táyà, àti irin gígùn méjì tí à ń pè ní ṣáásì. Dírẹ́bà á gbé àpótí lé e, á fi aṣọ di imú nítorí eruku, á sì wà á wá bá wa. Àwa káfíńtà la máa wọ aṣọ fún un. Pákó tó le la fi ń tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ la fi ń ṣe ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé, bẹ́ǹṣì á wà nínú, á sì di bọ́lẹ̀kájà tó lè kó èèyàn, kó ẹrù.

Ọ̀gá kì í fi ayùn kan igi kí oníbàárà tó jókòó nínú eérú. Á fi okùn wọn ilẹ̀, á da eérú sí ojú ìlà, á gbé bẹ́ǹṣì sí ibi tí ìjókòó máa wà, á ní kí olówó wọlé kó wò ó bóyá ó gba òun. Ó máa ń sọ pé igi tí a bá ti gé kò ní hù mọ́, ṣùgbọ́n eérú, ìgbálẹ̀ ló ń tún un ṣe. Àwọn èrò tó ń lọ sí ibùdó ojú irin a máa dúró fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọgbà àwọn wèrè ni.

Bàbá kan wà tó wá jókòó nínú eérú lórí òfìfo, láìdé fìlà. Nígbà tí ọkọ̀ parí, ó wọ agbádá ńlá wá gbé e, ó dé fìlà abetí ajá. Bó ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni òrùlé tẹ fìlà náà pẹ́ẹ́. Ó ní àfi ká gbé òrùlé sókè. Ọ̀gá ní àfi kó gbé orí sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn di ìjà tí àwọn àgbà ọjà wá parí, àtọjọ́ náà ló sì ti di òfin ọgbà wa pé aṣọ tí ènìyàn máa fi yangàn lọ́jọ́ tó bá gbé ọkọ̀ jáde, òun ni kó wọ̀ wá jókòó nínú eérú.

Tí oòrùn bá kan àtàrí, tí a ti jẹun, àwa ọmọ iṣẹ́ náà á wọ inú eérú, a ó máa lá àlá láì sùn. Kálukú á sọ ọkọ̀ tó fẹ́ rà. Láyí, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, kò ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ ju ọba lọ. Bí àyọ́kẹ́lẹ́ kan bá gba títì Abẹ́òkúta kọjá, á ní òun ti ta ti àná, èyí lòun máa rà báyìí. Èmi kì í pààrọ̀ tèmi. Ọkọ̀ dúdú onímú gbọọrọ ni, mo sì mọ ibi tí màmá mi máa jókòó sí nínú rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n gba fíríìdọ́ọ̀mù, ìyẹn ìtúsílẹ̀ ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá pè mí. Ó ní kí n wá oníbàárà tèmi, kí n dá kan bọ́dì kan láìjẹ́ pé òun fọwọ́ kàn án. Bí ọkọ̀ náà bá lọ sóko, tó bọ̀, tí ìṣó kan ò yọ, òun máa tú mi sílẹ̀. Mo mọ ènìyàn kan ṣoṣo tó lè fún mi nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Sàlá ni, ará ìlú wa. Wọ́n ń ra obì láwọn abúlé, wọ́n ń kó o wá tà fún àwọn Hausa ní Agége. Lọ́rì wọn àtijọ́ ti kú sí Abúlé Ẹ̀gbá, koríko ti ń hù gba inú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ọkọ̀ kan péré lagbára wọn ká báyìí, ọkàn wọn ò sì dúró sójú kan. Lọ́rì ni òwò ń fẹ́. Ṣùgbọ́n orogún wọn nínú òwò ti ra ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn ròbòtò tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá, ó sì máa ń fọn fèrè mọ́ wọn bó bá ń kọjá. Fèrè náà ń dùn wọ́n wọra.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n fi eérú ya méjèèjì, kí wọ́n wá jókòó nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjàpá kò ní ibi tí káfíńtà máa kàn. Láyí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bí o bá ń ya Ìjàpá yẹn, dín in kù díẹ̀. Ta ló máa mọ̀?" Irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní ọ̀rọ̀ náà ò dùn létí mi. Ṣùgbọ́n eérú ọ̀gá mi kò tíì purọ́ fún oníbàárà rí, ọwọ́ mi kọ́ ló sì máa gbà bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkẹjà, níbi ilé iṣẹ́ kan tí Ìjàpá kan máa ń dúró sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wọ̀n ọ́n. Mégáàdì yọ kóńdó sí mi. Mo ṣàlàyé pé ìyá kan tó ń ta obì ló fẹ́ ra irú rẹ̀. Obì wà lẹ́nu òun náà. Ó rò ó wò, ó fi kóńdó sílẹ̀, ó sì bá mi di orí okùn kejì mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Sàlá wá, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń rìn lọ sóko obì. Wọ́n wé gèlè ọdún Iléyá gẹ́gẹ́ bí òfin wa. Mo ti ya lọ́rì, mo ti ya Ìjàpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú Ìjàpá ni Ìyá Sàlá kọ́kọ́ wọ̀. Mo na pákó sókè ibi tí òrùlé rẹ̀ máa dé, ó kan gèlè. Wọ́n ní kò burú, àwọn á máa wé e kéré. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n wá ní kí àwọn obìnrin náà wọlé. Mẹ́ta wọlé, ó kún. Àwọn tó kù dúró sẹ́yìn eérú. Kò sẹ́ni tó tẹ ìlà. Ìyá Bọ̀dé, tó dàgbà jù nínú wọn, sọ̀rọ̀ láìbínú. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. A ó máa fẹsẹ̀ bọ̀."

Ìyá Sàlá wo ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn ìlà náà títí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sílé. Ìbànújẹ́ bá mi gan-an. Mo gbá Ìjàpá nù, ṣùgbọ́n mi ò lè gbá lọ́rì.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n padà wá, àwọn nìkan. Wọ́n wọ inú lọ́rì eérú, wọ́n dúró síwájú.

"Múfú, lọ́rì ni. Ṣùgbọ́n àga tí mo jókòó sí nínú Ìjàpá yẹn, gbé e síbí fún mi. Kí àwọn yòókù náà ní ibi tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì."

Mo kan ọkọ̀ náà bí ẹni ń kan ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé. Mo fi àlàfo sáàárín pákó ẹ̀gbẹ́ kí obì lè máa rí afẹ́fẹ́, mo fi awọ bo àga iwájú, mo sì kan ìfẹ̀yìntì sí gbogbo bẹ́ǹṣì, ohun tí lọ́rì kankan ní Agége ò tíì ní. Nígbà tí ọkọ̀ náà ti oko dé, ọ̀gá rá wọ abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ìṣó wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó jáde, ó gbọn eruku nù, ó ní, "Ọ̀gá ni ọ́." Mo sunkún, ojú ò tì mí.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, mo ti ní ọgbà tèmi ní Onígbòǹgbò. Àwọn ọkọ̀ onírin lódindi ti ń wọlé, àwọn ènìyàn ń sọ pé ìgbà àwa onípákó ń lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Sàlá sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì wọn, gèlè wọn ga fíofío. Wọ́n ti lọ wo àyọ́kẹ́lẹ́ ní Èkó. Wọ́n ní ó ń dán, ó ń rùn bíi bàtà tuntun, àwọn tó ń tà á sì ti jẹ́ kí àwọn jókòó nínú rẹ̀.

Mo kí wọn kú oríire. Mo ní, "Ṣùgbọ́n Ìyá, kò síbi tí n ó kan ìṣó sí nínú ìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìwọ ṣáà yà á fún mi ná."

Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbá ilẹ̀. Mo wọn ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, mo da eérú, mo gbé àga síwájú, mo sì na pákó sókè níbi tí òrùlé máa dé. Ìyá Sàlá ká ìró sókè, wọ́n gba ibi ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n jókòó. Wọ́n yí gèlè sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Pákó ò kàn án.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Mo lè lọ sanwó báyìí."