Ogójì Baálé Tí Bọ̀dá Julius Pè

Faransé tí Bọ̀dá Julius gbọ́ kò ju ti tẹlifóònù lọ. Ogún ọdún ló ti ń so ìpè pọ̀ fún àwọn òyìnbó ní ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi kan ní àdúgbò Glass, ní Libreville. "Allô, ne quittez pas." Bí o bá bi í ní nǹkan mìíràn lédè Faransé, á ní kí o má gbé fóònù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ìsìn Yorùbá aago mẹ́wàá, òun ló ń ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ. Ọkùnrin tó ń tẹ orí ba fún òyìnbó láti ọjọ́ Ajé á wá na ẹ̀yìn rẹ̀, á la ohùn, ilé á pa lọ́lọ́. Àbúrò màmá mi ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, àmọ́ n kì í fi ti ọjọ́ Ìsinmi ṣe é.

Ní ọdún 1975, owó epo ti wọ Libreville. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ń ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ epo, wọ́n sì ní ìsìn Yorùbá ti sú àwọn, ti Faransé ni àwọn fẹ́. Pásítọ̀ wá ní gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ló wà, alága tuntun tí ìjọ bá dìbò yàn ni yóò mú èdè kan. Àwọn méjì ló jáde: Pàpá Honoré, aránṣọ ará Pọ́tónóvò tó ń gbé ní àdúgbò Derrière la Prison, tó fẹ́ kí Yorùbá dúró, àti Clément, ọmọ ilé-iṣẹ́ epo, tó fẹ́ Faransé nìkan. Gbogbo wa kò ju àádọ́jọ lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí yóò fì sí.

"Ẹ fi ìpè sílẹ̀ fún mi," ni Bọ̀dá sọ.

Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti lọ sùn lọ́sàn-án, bí gbogbo ìlú ti ń sùn, Bọ̀dá á fa fóònù mọ́ra. Ogójì baálé ló kọ sórí ìwé. Á kọ́kọ́ kí wọn tẹ́rùntẹ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán o. Ìyàwó ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹni mélòó lẹ ó kó wá fún wa?"

"Gbogbo ilé mi ni, Julius. Àwa méje."

Á kọ méje.

Ni mo bá di imú, mo pè é láti ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Sotega. "Julius! Èmi ni, bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́!"

"Ẹ káàbọ̀, sà! Ẹni mélòó ni yín nílé?"

"Méjìlá. Àti ewúrẹ́ kan."

"Ẹ ṣeun, sà! Mo ti kọ ọ́." Mo wá bú sẹ́rìn-ín, ó sì dá ohùn mi mọ̀. "Adéfúnmiláyọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run á bi ẹ́ o!"

Nígbà tó dé ilé, mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ rí i? Ẹ kọ méjìlá, ẹ ò sì bá ẹyọ ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ìwé bòńkẹ́lẹ́ la ó fi dìbò. Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ọmọ fúnra wọn."

"Kí n fo baálé kọjá, kí n máa bẹ ọmọ rẹ̀? Ṣé n ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?"

Régine, ọmọ rẹ̀, ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó wò mí, ó sì yára wo aṣọ rẹ̀ padà. Mo rí i.

Ìwé Bọ̀dá ka márùndínlọ́gọ́rùn-ún fún Honoré. Nígbà tí wọ́n tú àpótí, Honoré ní mẹ́tàléláàádọ́rin, Clément ní mẹ́rìnléláàádọ́rin. Bọ̀dá ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Bákan náà ni.

Bí a ti ń lọ sílé, ó ń ka orúkọ àwọn baálé lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ilé ta ló já mi kulẹ̀? Ilé ta?"

"Papa," ni Régine wí, "ẹ má wá ẹnikẹ́ni mọ́. C'est moi. Èmi ni. Mo dìbò fún Clément."

Bọ̀dá dúró sójú títì. "Ìwọ? Ọmọ tèmi?"

"Mi ò gbọ́ Yorùbá inú Bíbélì yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó síbẹ̀, tí mi ò gbọ́ ọ. Ẹ pe gbogbo ayé. Ẹ ò bi mí."

Ó ká ìwé orúkọ náà sápò, ó ń lọ sílé níwájú wa. Èmi tí n kì í wá àwàdà tì, n ò rí ọ̀kan.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn dé, a kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní kí a máa lọ.

Régine kò kúrò níbẹ̀. "Papa, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Màá máa túmọ̀ Faransé wọn fún yín."

Kàkà kó ṣílẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ la gbọ́ nínú yàrá. Ibi tí ì bá kà fún ìjọ lọ́jọ́ náà ló ń kà, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ débi pé àwa tí a dúró sẹ́nu ọ̀nà gan-an kò gbọ́ ọ dáadáa.