Eyín Mẹ́rin Tó Ń Mì Lẹ́nu Aránṣọ

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2023. Eyín méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà lẹ́nu aránṣọ náà, mẹ́rin nínú wọn sì ń mì.

Kò mọ̀ títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tó tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó fẹ́ fi eyín gé òwú. Sísọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Eyín ló mọ́ ọn lára. Òwú náà kò gé. Eyín iwájú nísàlẹ̀ ló yẹ̀, ó tẹ̀ síta bí ìlẹ̀kùn tí ìṣó rẹ̀ ti tú, ó sì padà sáyè rẹ̀. Kò dùn ún rárá. Èyí gan-an ló já a láyà. Ó fi ìka kàn án, ó mì. Ó kan èkejì, ó mì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìka lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́.

Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Eléyín-Òwú! Eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Bó bá rẹ́rìn-ín, oníbàárà á gbàgbé pé aṣọ òun kò tíì parí.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, ló tì í lọ sí ilé ìwòsàn eyín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ. Bí èèyàn kò bá léyín, ọ̀rọ̀ á máa jò dànù lẹ́nu rẹ̀."

"Ẹnu tìẹ ló ń jò. Mò ń fọ eyín mi ju bí o ṣe ń wẹ̀ lọ."

Dókítà eyín tó bá níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò tíì ráyè sọ̀rọ̀ tí aránṣọ ti di apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú, tó yí etí apá aṣọ náà síta.

"Ọmọ mi, ta ló rán aṣọ yìí? Wo inú rẹ̀, òwú ń tú. Ẹni tó bá tún ojú aṣọ ṣe tó pa inú tì, olè ni."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ la ẹnu."

Dókítà wo ẹnu náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé eyín oníke kan sórí tábìlì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì lé aránṣọ lọ́wọ́. "Ẹ fi bí ẹ ṣe ń fọ tiyín hàn mí, mà."

Inú aránṣọ dùn. Ẹnu iṣẹ́ ló ti kọ́ ọ: ìdọ̀tí ọrùn aṣọ kì í kúrò àfi kéèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ó. Èyí tó bá le jù lórí àtẹ ló máa ń rà sẹ́nu. Ó di búrọ́ọ̀ṣì mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú, ó gbo eyín iwájú láti ọ̀tún sí òsì, fàà, fàà, fàà, títí tábìlì fi ń mì.

"Ẹ dúró, mà! Ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í jáde ni?"

"Ojoojúmọ́ ni. Ìdọ̀tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e jáde."

"Erìgì tó ń ṣàìsàn ló ń ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Inú wá ńkọ́?"

"Inú wo?"

"Ẹ̀yìn eyín, lápá ahọ́n."

"Ta ló ń rí ibẹ̀?"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹni tó rán aṣọ mi lólè nítorí inú."

Ó ti dígí kékeré kan bọ abẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó gbé òmíràn síwájú rẹ̀ kó lè rí i. Ohun tí aránṣọ rí kò jọ ẹnu. Lẹ́yìn àwọn eyín funfun náà ni ògiri kan wà, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, tó le bí òkúta, tó ti wọ abẹ́ erìgì lọ. Búrọ́ọ̀ṣì kò débẹ̀ rí. Níwájú, erìgì tó ti fi ọwọ́ líle gbo sẹ́yìn ti sá kúrò, gbòǹgbò eyín wà níta gbangba.

"Ṣé ẹnu tèmi nìyí?" Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ya àwòrán egungun. Lábẹ́ méjì nínú mẹ́rin náà, egungun tó yẹ kó di eyín mú kò sí mọ́.

"Méjì á lọ lónìí, mà. Méjì tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí irun rẹ̀ kan ibi tí eyín ti pàdé erìgì. Ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀, eyín méjì méjì: ojú, ẹ̀yìn, ibi tó ń lọ oúnjẹ. Ẹ fọ ahọ́n náà. Ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀, ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó sùn. Ẹ sì padà wá ká fọ ìdọ̀tí tó ti di òkúta lẹ́yìn wọn."

"Ẹ fi nǹkan lẹ̀ wọ́n mọ́bẹ̀ fún mi."

"Kò sí ohun tí wọ́n á lẹ̀ mọ́, mà."

Nígbà tí wọ́n yọ méjì náà tán tó sì jáde, àbúrò rẹ̀ ti ní àwàdà mìíràn lẹ́nu. "Eléyín-Òwú, ẹ rẹ́rìn-ín ká wò." Ó la ẹnu. Káfíńtà náà rí ihò náà, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Kò sí àìsàn àjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìrìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ilé ìwòsàn náà. Òun kò béèrè ohun tó wà lẹ́yìn eyín rẹ̀. Àwọn tó ń yin ẹ̀rín rẹ̀ náà kò béèrè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀kan nínú méjì tó kù ti dúró ṣinṣin. Èkejì ṣì ń mì.

Ìwọ tó ń kà á, ọjọ́ wo ni dókítà eyín wo ẹnu rẹ kẹ́yìn? Dárúkọ ọjọ́ náà. Bí o kò bá lè dárúkọ rẹ̀, gbé ìwé yìí sílẹ̀, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn eyín.